Igba Ẹ̀dà ó Lé Kan

Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú ni Fápọ̀hùndà gbé e wá,
akọ̀wé ilé aṣòfin, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀:
àbá òfin ìpèsè iṣẹ́ àti ìrànwọ́ oníṣòwò ìbílẹ̀,
ojú ewé méjìlélógójì, igba ẹ̀dà,
kó wà lórí tábìlì ní Agodi kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù.
Mo ní iná kò sí.
Ó ní, "Ẹ ra epo, Bàbá Ọ̀jẹ́wùmí. Ìjọba mà ni oníbàárà yín."

Mo ra epo.
Gbogbo Mókólá ti sùn, ẹ̀rọ tèmi nìkan ló ń jà,
tòkunbọ̀ ará Jámánì tí í gbọ̀n bí ẹni ibà ń ṣe.
Láníhun ń da íǹkì,
èmi ń ka ewé bó ṣe ń jáde.
Apá kìíní: ọ̀dọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún yóò ríṣẹ́.
Láníhun dúró. "Ọ̀gá, ṣé wọ́n á kọ orúkọ mi síbẹ̀?"
Ìwé ẹ̀rí Pólì rẹ̀ wà nínú àpótí mi láti ọdún mẹ́ta,
mò ń bá a ṣọ́ ọ lọ́wọ́ eku.
Mo ní, "Iṣẹ́ lo wà yìí. Da íǹkì."

Apá kẹfà: rìsíìtì kan ṣoṣo ni oníṣòwò yóò máa gbà lọ́dún.
Mo gbójú sókè wo ògiri níbi tí mo kan tèmi mọ́:
ti pátákó, ti ìmọ́tótó, ti káńsù, ti ẹgbẹ́,
àti pupa kan báyìí tí n kò mọ ohun tí mo sanwó rẹ̀ fún.

Apá kẹsàn-án ló mú mi jókòó.
Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ fún ìjọba, kó gbowó rẹ̀ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ní, "Láníhun, fi íǹkì kún ojú ewé yìí,
kó dú, kí arúgbó tí kò ní jígí lè rí i."

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gé e, a dì í, a fi Máíkírà gbé e lọ.
Mo jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn.
Ẹ̀rọ amúlétutù ti kú; iṣẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n fi ń fẹ́ra.
Ọnọrébù kan ní tiwa-n-tiwa ni ká máa rà,
omi inú ike tó ń mu, Èkó ni wọ́n ti rọ ọ́.
Obìnrin kan tó ń po ọṣẹ ní Ọlọ́dọ nawọ́:
"Bí òfin yìí bá dìde, ẹsẹ̀ ta ni yóò fi rìn dé ọ̀dọ̀ mi?"
Oúnjẹ ọ̀sán ló dá a lóhùn.

Mo padà lọ gbowó. "Fáìlì wà lórí tábìlì."
Mo tún lọ. "Ẹni tó ń buwọ́ lù ú ti lọ Àbújá."
Mo rán wọn létí apá kẹsàn-án.
"Kò tíì dòfin, Bàbá. Àbá ṣì ni."
Ìbàdàn, níbi olè gbé ń jàre olóhun;
n kò pe ẹnikẹ́ni lólè o,
oríkì ìlú mi ni mo ń kì.

Lánàá, Fápọ̀hùndà tún dé, àpò lápá:
wọ́n ti ṣàtúnṣe, ẹ bá wa tún un tẹ̀ kó tó di ọ̀la.
Mo ṣí i. Ọgbọ̀n ọjọ́ ti di àádọ́rùn-ún.
Láníhun sún mọ́ kàlẹ́ńdà, ó ń fìka kà á lọ, ẹnu rẹ̀ ń mì:
"Ọ̀gá, àní àádọ́rùn-ún ọ̀hún, a ti fi mẹ́rin kọjá rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rìn lọ sídìí ẹ̀rọ.
Ẹ̀dà kan wà tí n kò kà mọ́ igba tí mo kó fún wọn.
Mo yọ ọ́ lábẹ́ tìmùtìmù àga mi, mo ṣí i síbi tó dú jù.
Mo ní, "Ẹ jókòó, Akọ̀wé.
Ẹ kà á sí mi létí."